Ère Ohun Èlò Ọdẹ ní Gbangba Ìlú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Ọdẹ ló tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ìtàn ìlú sọ pé ọfà Ògúnlọlá ló mú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ balẹ̀, orí tó gé tó sì gbé lọ fún Aláàfin ló bí orúkọ Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tó wá di Ògbómọ̀ṣọ́. Abájọ tó fi jẹ́ pé ọrun àti ọfà ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ère bá délẹ̀. Ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó fẹ́ san owó iṣẹ́ náà àti fún ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ohun kan la fi ń díwọ̀n gbogbo rẹ̀: kí ọdẹ tó bá dúró níwájú ère náà mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì lè tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ère tí kò bá yege níbẹ̀, kò sí ọ̀dà tó lè tún un ṣe.

Kí ló dé tí a kò kúkú ṣe ère ọdẹ fúnra rẹ̀?

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ṣòro láti fi sìmẹ́ǹtì mọ. Bí imú bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, òun ni gbogbo ìlú yóò máa wò. Bí ojú bá sì ti wà lára ère, ohun tí wọ́n máa bèèrè ni pé ojú ta ni. Agboolé kan á ní bàbá àwọn ni, òmíràn á ní kò jọ ọ́. Ọrun àti apó tí ọfà ń wà nínú rẹ̀ kò ní ìjà agboolé nínú. Gbogbo ilé ọdẹ ló ni wọ́n.

Àwọn ìlú mìíràn ti gba ọ̀nà yìí. Ní Sydney, ní Ọsirélíà, wọ́n ṣí ère kan tó ń jẹ́ bara lọ́dún 2022. Judy Watson, ọmọ ẹ̀yà Waanyi, ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Bara ni ìwọ̀ ẹja tí àwọn obìnrin Eora, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń fi ìkarahun ṣe láti ayébáyé. Ìwọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n sọ di òkúta mábù, ó ga ju mítà 6 lọ, ó dúró lórí pápá koríko lókè etí omi. Kò sí apẹja níbẹ̀, kò sí ẹja, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ohun èlò wo ló yẹ oríta tàbí iwájú ọjà?

Ọrun, ọfà àti apó ló ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Lẹ́yìn wọn ni ṣakabùlà, àdá, kùmọ̀, tákúté onírin, àpò ọdẹ, fìtílà tí ọdẹ òru ń so mọ́ iwájú orí, àti ṣaworo ọrùn ajá.

Lójú tiwa, ebìtì ló yẹ kí àwọn ènìyàn túbọ̀ ronú kàn. Láti òkèèrè lèèyàn ti máa mọ̀ ọ́n: ẹrù wíwúwo kan gbé apá kan sókè, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló rọ̀ mọ́, ìjẹ wà lábẹ́. Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan fẹ́ já lulẹ̀. Kò ga, nítorí náà ìjì kò rí i gbá mú. Ewu tirẹ̀ ni àwọn ọmọdé, torí wọn á fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹrù náà kò gbọdọ̀ jókòó lórí igi yẹn lásán. Irin mílímítà 16 mẹ́rin ni kó ti inú ìpìlẹ̀ gba inú igi náà kọjá wọ inú ẹrù, kí ẹ sì jẹ́ kí inú ẹrù náà ṣófo. Apá kejì tó kanlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìpìlẹ̀ pẹ̀lú irin tirẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé igi nìkan ló ń ru gbogbo rẹ̀.

Ṣaworo dára púpọ̀ fún ère kékeré níwájú ilé ìwé. Ẹ má ṣe so ṣaworo gidi mọ́ ọn, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi tú u lọ.

Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀dọ̀ Olúọdẹ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ọrun tí ẹ máa rí níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọrun àwọn ará ibòmíràn, tí ẹnu rẹ̀ tún yí padà sẹ́yìn, tí ọfà rẹ̀ sì ní ìyẹ́ ńláńlá. Ẹ wo ọfà tó wà nílé ọdẹ kí ẹ tó fi ìyẹ́ sí ọfà kankan.

Ẹ tẹ́ ohun èlò náà sórí ìwé funfun ńlá, kí ẹ fi pẹ́ńsù tọ etí rẹ̀ yíká. Ẹ wọn gígùn rẹ̀. Ẹ wọn bó ṣe nípọn tó ní àárín, ní ìdajì apá kọ̀ọ̀kan, àti ní ẹnu. Fún ọrun, ẹ wọn àyè tó wà láàárín ọsán, ìyẹn okùn ọrun, àti ibi ìdìmú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ère ti ń bàjẹ́: wọ́n á tẹ ọrun náà jù, á wá rí roboto bí òṣùpá. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọdẹ dì í mú, kí ẹ ya ọwọ́ rẹ̀.

Ohun èlò àtijọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe fún ríri mọ́ inú kọnkéré. Ẹ dá a padà fún àwọn tó ni ín.

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Ẹ mú ìlọ́po kan ṣoṣo fún gbogbo ara rẹ̀. Ọrun tó gùn ní mítà 1.4, bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 3, á di mítà 4.2, àárín rẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 á di 7.5. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n mú gígùn pọ̀ ní ìlọ́po 3, kí wọ́n fi ìnípọn sílẹ̀ bó ṣe wà, ère á wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí igbálẹ̀.

Ẹ rántí pé ìwúwo kì í pọ̀ bí gígùn ṣe ń pọ̀. Bí gígùn, ìbú àti ìnípọn bá di ìlọ́po 3, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ di ìlọ́po 27. Kọnkéré tó kún fọ́fọ́ wúwo tó kílò 2,400 nínú mítà oníhà mẹ́ta kan. Ìdí nìyí tí ohun tó bá nípọn, bí apó tàbí àpò, fi gbọ́dọ̀ ṣófo nínú, kí ara rẹ̀ má sì nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 lọ.

Sìmẹ́ǹtì, irin, igi tàbí idẹ?

Sìmẹ́ǹtì àti irin papọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ níhìn-ín. Bíríkìlà àti wẹ́dà wà nítòsí, ohun tó bá bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lórí sìmẹ́ǹtì, kó lọ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí Susanne Wenger, Adébísí Àkànjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti mọ àwọn ère tó tóbi. UNESCO fi igbó náà sára ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Àmọ́ kí ẹni náà wo bí ọ̀rinrin àti ewédò ṣe ń bá wọn jà pẹ̀lú, kó lè mọ̀ pé àtúnṣe kì í tán.

Idẹ lẹ́wà. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe lọ́dún 1964 fún ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Marina, l'Ékòó, idẹ ni. Ṣùgbọ́n idẹ wọ́n, àwọn tó ń jí irin páńtí kó kò sì ní fojú fo ọ̀kan tó wà ní oríta tí kò ní olùṣọ́. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ọgbà tó ní géètì.

Igi nílò òrùlé. Ìrókò àti apá lè dúró pẹ́. Ọ̀mọ̀ rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n òjò àti oòrùn á tètè bà á jẹ́. Igi yòówù kó jẹ́, ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e lé bàtà irin tó ga kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ikán má bàa gba abẹ́ wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Báwo la ṣe máa tẹ irin ọrun tó ga ní mítà 4?

Páìpù dúdú ni kí ẹ lò, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ lóde jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.6 fún àárín, kí ẹ wá ki èyí tó kéré bọ inú rẹ̀ sí apá méjèèjì, kó lè máa tín-ín-rín lọ sí ẹnu bí ọrun gidi. Páìpù tó ṣófo á fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi yanrìn kún inú rẹ̀, kí ẹ máa gbá a lára kó lè kì dáadáa, kí ẹ fi igi dí ẹnu méjèèjì. Yanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ háúháú. Ẹ yan án lórí iná tẹ́lẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ooru á sọ ọ́ di èéfín, á sì lè ta igi tí ẹ fi dí i jáde bí ọta.

Ẹ ya ìrísí ọrun náà sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa gbé e lé àwòrán náà wò. Ẹ má ṣe yan páìpù tí wọ́n ti fi síǹkì bò lójú iná. Èéfín síǹkì ń fa ibà àti ikọ́ fún wẹ́dà.

Ojú ìdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi fáìlì ẹ̀rọ lọ̀ kó dán, kí ẹ kun ún ní rẹ́dì-ọ́sáìdì ní ìgbà méjì ní ọjọ́ kan náà, kí ìrì alẹ́ má bàa kàn án. Ẹ dí gbogbo ẹnu páìpù. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní jáde, láti inú ni ìpẹtà á sì ti jẹ ẹ́ tán.

Ṣé ọsán pọndandan? Wọ́n ní kí a yọ ọ́ nítorí owó.

Ọsán já, ọrún dọ̀pá. Ẹ má yọ ọ́.

Irin gbọrọ mílímítà 16 ló dára jù. Èyí tó bá tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n ọ́n tọ̀sán-tòru, a máa kùn hùn-ún-hùn-ún, títí ojú ìdàpọ̀ rẹ̀ á fi là. Bí ọfà bá wà lójú ọsán, kí ẹ jó ìdí rẹ̀ mọ́ ọsán ní àárín. Ìyẹn á pín gígùn rẹ̀ sí méjì, ìgbọ̀nrìrì náà á dínkù. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta ti orígun òkè àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ tó bá lè dé ibẹ̀ á fi ọsán ṣe jangirọ́fà. Ìdí nìyí tí a fi ń gbà yín níyànjú pé kí apó sìmẹ́ǹtì jẹ́ ìdí tó gbé ọrun dúró: apó ga ní mítà 2, ó sanra, ó ṣófo nínú, ọrun gba inú rẹ̀ kọjá wọ ìpìlẹ̀, ìyókù ọsán wà lókè orí àwọn ọmọ. Ó tún bá ìlò mu, nítorí ọrun àti apó kì í jìnnà síra. Ẹnu ọfà náà, ẹ jẹ́ kó kújú roboto, kó ga ju mítà 2.5 lọ, kó má sì dojú kọ ààfin tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí sánmà.

Ìpìlẹ̀ ńkọ́?

Fún ère tó ga ní mítà 4, ẹ gbẹ́ kòtò mítà 1.2 lọ́nà méjèèjì, kó jìn tó mítà 1. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ tàbí tó jẹ́ ibi tí wọ́n ti da ilẹ̀ sí rí, ẹ gbẹ́ ẹ títí kan ilẹ̀ líle. Kọnkéré oní-sẹ̀ǹtímítà 80 ni kí ẹ dà sínú rẹ̀: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn odò 2, òkúta 4. Àpò sìmẹ́ǹtì 8, oníkílò 50, á tó o. Ẹ to irin mílímítà 12 ní sẹ̀ǹtímítà 20 síra lọ́nà méjèèjì nísàlẹ̀, kí ẹ fi òkúta kéékèèké gbé e kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ọ̀pá irin 2 tó gùn ní mítà 12 tó fún un.

Páìpù ọrun gbọ́dọ̀ wà nínú kòtò, kí ẹ ti jó irin mọ́ ìdí rẹ̀ lágbèélébùú, kí ẹ tó da kọnkéré. Ẹni tó bá da kọnkéré tán tó wá ń lu ihò sí i láti ki irin bọ̀ ọ́ ń wá wàhálà, nítorí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ni yóò kọ́kọ́ dán an wò.

Báwo la ṣe ń po sìmẹ́ǹtì ara ère, oṣù wo ló sì dára?

Lórí egungun irin àti àwọ̀n wáyà, ìpele àkọ́kọ́ ni sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn odò 3. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú àwọ̀n náà kó lè yọ lódì kejì. Bí ó bá kàn lẹ̀ mọ́ ojú, á ṣí kúrò. Ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ ní háráhárá. Ìpele ìparí ni 1 sí 2, pẹ̀lú yanrìn tí ẹ ti sẹ́. Omi kò gbọdọ̀ pọ̀: ẹ bu ú sọ́wọ́, ẹ fún un, bó bá dúró bí òkèlè, ó tó, bó bá ń ṣàn láàárín ìka, ó ti bàjẹ́. Irin kò gbọdọ̀ sún mọ́ ojú ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ.

Ọnà ara apó àti àpò ni ibi tí iṣẹ́ ti ń dùn. Ọ̀yọ́ ni kí ẹ ti lọ kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn onísọ̀nà awọ àti àwọn tó ń fín igbá. Ẹ má ya ọnà náà ní ọ̀dà. Ẹ fín in sára sìmẹ́ǹtì nígbà tó bá ti ń le ṣùgbọ́n tí èékánná ṣì lè hà á, nǹkan bíi wákàtí 2 sí 4 lẹ́yìn ìrẹ́lé, bí oòrùn bá ṣe mú tó. Ojú ọnà tó jìn ní mílímítà 4 sí 5 máa ń di òjìji nínú oòrùn ọ̀sán, ẹni tó wà nínú mọ́tò á rí i. Bí ẹ bá tètè fín in, etí rẹ̀ á wó. Bí ẹ bá pẹ́, á máa fọ́ jáde. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá lè fín tán lọ́jọ́ kan ni kí ẹ rẹ́.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá sìmẹ́ǹtì ní apá ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi jáde kí sìmẹ́ǹtì tó le, ara rẹ̀ á sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Oṣù kẹwàá ló bọ́ sí i jù. Bó bá di dandan láti ṣe é nígbà ọyẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi àpò ọ̀rá bò ó. Nígbàkígbà tó wù kó jẹ́, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó tutù wé e fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀dà di lẹ́yìn ọjọ́ 28.

Ṣé a lè lo ìbọn ṣakabùlà gidi?

Rárá. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ṣakabùlà mọ́ ohun ìjà tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún, ẹ kò sì lè fi í sílẹ̀ ní gbangba. Ẹ fi páìpù ṣe ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ jó irin dí ẹnu rẹ̀ pa, kí ìdí rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ẹ fín bí igi. Ẹ má gbàgbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ẹ̀tù, tó ń wà lábẹ́. Òun ni ọdẹ á kọ́kọ́ wá kiri.

Àwọn kan ní òrìṣà Ògún la fẹ́ gbé sí oríta. Kí la máa sọ?

Ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1898 kò ní ṣàì béèrè bẹ́ẹ̀, àwọn Mùsùlùmí náà á béèrè. Ẹ má dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìbínú. Ohun èlò iṣẹ́ ni ère yìí. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí wà nínú ẹgbẹ́ ọdẹ. Ẹ bá Olúọdẹ fi ẹnu kò ṣáájú pé ojúbọ Ògún wà níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, pé kò sí ẹbọ nídìí ère. Ìjálá lọ́jọ́ ìṣíde kò bá ẹnikẹ́ni jà, kí ẹ sì pe àwọn oníjàálá ní tòótọ́, kì í ṣe kí ẹ fi rédíò gbé e.

Àṣẹ wo la nílò?

Ti ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà, ti ààfin, àti ti àwọn tó ni ọ̀nà bó bá jẹ́ títì ìjọba. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ fẹ títì náà, kí ẹ wo òkè fún wáyà iná. Ní oríta bíi Tákíè l'Ógbòmọ̀ṣọ́ tàbí Owódé l'Ọ́yọ̀ọ́, ohun tó sanra lára ère kò gbọdọ̀ dí ojú awakọ̀ tó ń wo ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Kí la máa kọ sára rẹ̀?

Orúkọ ohun èlò náà, ìlò rẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, orúkọ ẹni tó ṣe é, ọdún. Ẹ fi àmì ohùn sí i pérépéré, kí olùkọ́ Yorùbá kan kà á kí wọ́n tó fín in. Ẹ fín in sára òkúta gírànáìtì. Pátákó idẹ kò ní pẹ́ níbẹ̀. Orúkọ olóṣèlú tó san owó lè wà, kó má ṣáà tóbi ju ti ọrun lọ.

Ó ti sán, ó sì ń ṣe omi pupa. Kí la máa ṣe?

Ojú sísán tó tín-ín-rín bí irun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ ní omi, ẹ fi sìmẹ́ǹtì olómi ra á lójú. Omi pupa jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: irin inú ti ń dípẹtà, bó sì ṣe ń dípẹtà ló ń wú, tó ń ti sìmẹ́ǹtì jáde. Bí ẹ bá kun ún lójú lásán, òjò tó ń bọ̀ á tún gbé e yọ. Ẹ gé sìmẹ́ǹtì náà títí ẹ ó fi rí irin tó mọ́ ní ìhà méjèèjì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, ẹ kun irin náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 2 dí i, ẹ sì bò ó pẹ̀lú àpò tútù fún ọjọ́ 7 gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù kejì, kí òjò tó dé: orígun ọsán méjèèjì, ẹnu páìpù tí ẹ dí, àti ibi tí ọrun ti wọ apó, torí ibẹ̀ ni omi ti ń dá ró. Pósítà ìdìbò tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ kúrò. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á, ọnà ara apó á bá a lọ.